Bí Ìbàdàn Ṣe Ka Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Wọ́pọ̀: Ìtàn Down Syndrome láti London dé Ìlọrin

Títí di nǹkan bí 1960, ọ̀pọ̀ oníṣègùn òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà gbà pé àbùdá kan wà tó jẹ́ ti ọmọ òyìnbó, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọmọ dúdú. Down syndrome ni a ń pe àbùdá náà lónìí. Ọmọ tí wọ́n bá bí mọ́ ọn máa ń pẹ́ kó tó rìn, kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ kì í sì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Ojú wọn máa ń jọra, yálà London ni wọ́n bí wọn sí tàbí Ìlọrin, àbùkù a sì máa wà nínú ọkàn nǹkan bí ìdajì wọn. Kò ràn, kì í sì í ṣe àìsàn tí oògùn ń wò. Ìgbàgbọ́ pé kò wọ́pọ̀ láàrin wa kò ti inú ìwádìí kankan wá. Kò sẹ́ni tó jókòó ka àwọn ọmọ náà ni, títí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn fi kà wọ́n.

Earlswood ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan nìyẹn ní agbègbè Surrey, ní gúúsù London, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí làákàyè wọn kò pé sí láyé ọjọ́un. John Langdon Down ni ọ̀gá oníṣègùn ibẹ̀. Ní 1866 ó tẹ àpilẹ̀kọ kékeré kan jáde. Ó ní láàrin àwọn tí òun ń tọ́jú, àwọn kan wà tí wọ́n jọra débi pé ènìyàn lè pè wọ́n ní ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ wọn ò bára wọn tan: ojú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, imú wọn kéré, ìgun ojú wọn lọ́hùn-ún ròkè, ahọ́n wọn nípọn. Ó tún kọ ọ́ pé wọ́n mọ ènìyàn sín jẹ, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rín, bí a bá sì fi sùúrù kọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Àpèjúwe yẹn péye, ó sì fi hàn pé ó fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Àlàyé tó fi tì í lẹ́yìn ni kò dára. Láyé tirẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń pín ọmọ aráyé sí ìran gíga àti ìran kékeré. Down rò pé àrùn ló mú kí ọmọ òyìnbó padà sẹ́yìn sí ìrísí ìran mìíràn, ó sì sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ mọ́ àwọn ará Mòǹgólíà. Kódà, ó ya ọ̀wọ́ kan sọ́tọ̀ láàrin àwọn ọmọ funfun tó ní wọ́n jọ ará Etiópíà. Orúkọ Mòǹgólíà yìí wà nínú ìwé ìṣègùn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó bu odidi orílẹ̀-èdè kan kù. Ó tún dí ojú àwọn oníṣègùn tó wá sí Áfíríkà, nítorí ojú òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ wọn láti díwọ̀n àmì náà. Bí wọ́n bá rí ìkókó dúdú tí imú rẹ̀ tẹ́, wọ́n á ní bí imú wọn ṣe ń rí nìyẹn, wọ́n á sì kọjá.

Ní 1961, àwọn onímọ̀ nípa àjogúnbá kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé kí wọ́n jáwọ́ nínú orúkọ náà. Ọmọ-ọmọ Down, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn, wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ní 1965, Mòǹgólíà bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ náà sì pa orúkọ ọ̀hún tì.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fà á, wọ́n ti mọ ẹni tó máa ń bá. Ní 1933, Lionel Penrose fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ orí ìyá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá rìn. Kì í ṣe ọjọ́ orí bàbá, kì í sì í ṣe iye ọmọ tí ìyá ti bí ṣáájú. Ìdí rẹ̀ ṣì pamọ́, nítorí iye kúrómósómù tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn gan-an ni wọn ò tíì mọ̀. Kúrómósómù ni àwọn okùn tín-ínrín inú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì wà lórí wọn, àwọn jíìnì yìí ló sì ń gbé ohun tí a jogún lọ́wọ́ òbí. 48 ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ní December 1955, Joe Hin Tjio, ọmọ bíbí Indonesia, ń ṣiṣẹ́ lóru ní yàrá ìwádìí Albert Levan ní ìlú Lund, ní Sweden. Ó kà wọ́n, 46 ló bá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956.

Láàrin ọdún mẹ́ta, ìdáhùn jáde ní Paris. Marthe Gautier, oníṣègùn ọmọdé tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà nínú ìgò ní Amẹ́ríkà, dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Trousseau. Kò rówó ìjọba gbà. Ó yáwó láti ra ohun èlò gíláàsì, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ láti fi bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ lára àkùkọ kan fún iṣẹ́ kan náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ tó ní àbùdá yìí, 47 ló bá dípò 46. Ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi tó wà níwájú rẹ̀ kò lè ya fọ́tò, nítorí náà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jérôme Lejeune, gba àwọn gíláàsì náà lọ síbi tí wọ́n ti lè yà wọ́n. Nígbà tí ìròyìn náà jáde ní January 1959, orúkọ Lejeune ló ṣíwájú, ti Gautier tẹ̀ lé e, wọ́n sì ṣì í kọ, orúkọ Raymond Turpin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló kẹ́yìn. Ó di 2014 kí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Faransé tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipa Gautier nínú iṣẹ́ náà kò kéré rárá. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ó kú ní 2022.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà kò ṣòro láti lóye. Kúrómósómù 46 tí a ní jẹ́ méjìméjì ní ọ̀nà 23: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kí ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin tó lè bímọ, méjì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pínyà, kí 23 péré kù. Nígbà mìíràn, méjì tó jẹ́ ti kúrómósómù kọkànlélógún kì í pínyà, wọ́n á jọ wọ inú ẹyin kan náà. Bí àtọ̀ bá wá mú tirẹ̀ dé, ó di mẹ́ta. Kúrómósómù yìí ló kéré jù nínú gbogbo wọn, àfikún rẹ̀ kò sì tó láti pa ọlẹ̀ gbogbo, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọ náà fi ń wáyé. Ṣùgbọ́n jíìnì tó wà lórí rẹ̀ lé ní igba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ àṣejù nítorí ẹ̀dà kẹta. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro ọpọlọ, ọkàn, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ orí ìyá wọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ẹyin obìnrin ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀. Inú oyún ni ẹyin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà, ó dúró lágbedeméjì, kò sì ní parí iṣẹ́ náà àfi ní oṣù tó bá bọ́ sílẹ̀. Ẹyin obìnrin ẹni ogún ọdún ti dúró fún ogún ọdún. Ti ẹni ogójì ti dúró fún ogójì. Bí ìdúró yẹn bá ṣe gùn tó ni ohun tó so àwọn kúrómósómù náà pọ̀ ṣe ń rẹ̀. Obìnrin tó bímọ ní ẹni ogún ọdún ní ewu nǹkan bí 1 nínú 1,500. Ní ọdún márùndínlógójì, ó di nǹkan bí 1 nínú 350, nígbà tí ó bá sì pé ogójì ọdún, nǹkan bí 1 nínú 100. Síbẹ̀, àwọn ìyá tí kò tíì pé márùndínlógójì ló ń bí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà, nítorí àwọn ni wọ́n ń bímọ jù. Kò sí oúnjẹ tí ìyá jẹ, kò sí ibi tó rìn dé, kò sí ohun tó rí tó ba á lẹ́rù, tó fi kúrómósómù kẹta sí ara ọmọ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ó sì yẹ kí àwọn ìdílé mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ọmọ díẹ̀, kúrómósómù 21 kẹta kò dá dúró. Ó lẹ̀ mọ́ òmíràn, pàápàá ìkẹrìnlá. Irú èyí lè wá láti ara òbí tí ara tirẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá jẹ́ ìyá ló gbé e, ewu pé yóò tún bí òmíràn wà láàrin 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ bàbá, ó kéré sí ìyẹn gan-an. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a sọ fún gbogbo òbí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Irú kẹta ni ti àwọn tí apá kan sẹ́ẹ̀lì wọn ní 46, tí apá kan ní 47. Àmì wọn a máa rọrùn díẹ̀ nígbà mìíràn.

Agbẹ̀bí tó bá lójú inú lè fura lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Ara rẹ̀ rọ̀: bí a bá gbé e dùbúlẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, kò ní ká wọn mọ́ra bí ìkókó yòókù. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ tẹ́, etí rẹ̀ kéré, ó sì wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ìgun ojú rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìgun kejì sì ròkè. Nínú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ìlà kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ kọjá níbi tó yẹ kó jẹ́ méjì. Àlàfo máa ń wà láàrin àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ọmọ tó tẹ̀ lé e. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti sọ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní nǹkan kan ló ní ìlà kan lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n sì pàdé lára ọmọ kan ni kí oníṣègùn dìde.

Ohun tó wà nínú ara ló le ju ohun tí ojú ń rí. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ní ihò nínú ọkàn. Àwọn kan ní ìfun tó dí láti inú oyún, wọ́n á máa bì gbogbo ohun tí wọ́n bá mu, wọ́n sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọ̀pọ̀ wọn, bí wọn ò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó ń bu kún ìlọ́ra ọpọlọ tó ti wà nílẹ̀. Etí wọn a máa kún fún omi, ọmọ kò ní gbọ́rọ̀ dáadáa, àwọn ènìyàn á ní kò lóye. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá wọn ju ọmọ yòókù lọ. Àwọn tó bá dàgbà kọjá ogójì ọdún sì tètè máa ń ní àrùn ìgbàgbé, nítorí orí kúrómósómù 21 ni ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó ń fà á wà. Ní ti làákàyè, púpọ̀ nínú wọn wà láàrin ìlọ́ra fẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: wọ́n á rìn, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á wẹ ara wọn, wọ́n á mọ owó ná díẹ̀, àwọn mìíràn á mọ ìwé kà.

Ní Áfíríkà, ìròyìn nípa wọn kọ́kọ́ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1955, Luder àti Musoke kọ̀wé láti Uganda nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n rí i lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò lè yí ìgbàgbọ́ padà. Ẹni tó bá ti gbà pé kò wọ́pọ̀ á ní ẹ̀rí nìyẹn, ẹ ò rí i pé díẹ̀ ni wọ́n rí. Ohun tí a nílò ni ilé ìwòsàn tí obìnrin púpọ̀ ń bímọ sí, oníṣègùn tó ń wo ojú ìkókó kọ̀ọ̀kan, àti yàrá àyẹ̀wò tó lè ka kúrómósómù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní Ìbàdàn.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ sí Òrìta-Mẹ́fà, ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ibẹ̀ ni Dókítà A. A. Adeyokunnu ti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ náà jọ, tí wọ́n sì ń ka kúrómósómù wọn. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde ní 1982, nínú ìwé ìròyìn tí àwọn onímọ̀ àjogúnbá ń kà ní gbogbo àgbáyé, ọmọ 386 ló wà nínú rẹ̀. 369 nínú wọn ló ní kúrómósómù kẹta tó dá dúró. Àwọn 17 tó kù pín sí irú méjì yòókù. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàyè nílé ìwòsàn náà, 1 nínú 865 ló ní Down syndrome. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 1 nínú 700 sí 800 ni wọ́n máa ń kà. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ti wó nìyẹn.

Kí a tó mọ bí iye 386 yẹn ṣe wúwo tó, a ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹyọ ọmọ kan. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dà á sínú ìgò tó ní oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì àti èròjà kan tí wọ́n yọ lára irú ẹ̀wà kan, èyí tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ìgò náà á wà nínú àpótí tó ń mú ooru rẹ̀ dúró sí 37°C fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi oògùn dá ìpínyà náà dúró níbi tí kúrómósómù ti hàn jù, wọ́n á kán an sórí gíláàsì, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Nígbà náà, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé kúrómósómù kọ̀ọ̀kan jáde lára fọ́tò, tí wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n méjìméjì sórí ìwé. Bí iná ọba bá lọ lọ́jọ́ kejì tí kò sí jẹnẹrétọ̀, sẹ́ẹ̀lì á kú, wọ́n á tún pe ìyá ọmọ láti wá fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Àwọn tó ṣe èyí ní Ìbàdàn láàrin àwọn ọdún 1970 ṣe iṣẹ́ akin, mi ò sì rò pé a ti yìn wọ́n tó. Ìnira iṣẹ́ yìí tún ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sí ìlú mìíràn, tàbí sí òkè òkun, títí di òní.

Ní Ìlọrin, ìṣòro àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ká gba ti ọjà Ìpàtà, níbi tí àwọn alápatà, aláta àti alálùbọ́sà ti ń pàtẹ láti òwúrọ̀, tí ìyá ọlọ́jà sì ń pọn ọmọ sẹ́yìn tajà. Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan tí kò lè jókòó dáadáa, tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ, tí itọ́ ń dà, àwọn tó wà nítòsí ìsọ̀ á ti ní àlàyé. Ọ̀kan á ní ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún, ànjọ̀nnú pààrọ̀ ọmọ náà. Ìyá àgbà á gbà á níyànjú: "Mú sùúrù, ìyá ọmọ, kádàrá ni." Àwọn kan á ní kó wá àgbo tó ń mú ẹsẹ̀ le. Ìdílé á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, wọ́n á kọ̀wé sí wàláà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún ọmọ ní hàntú mu. Ṣáájú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, ẹni tí ara rẹ̀ bá yàtọ̀ sì jẹ́ ẹni òrìṣà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ wà nínú èyí, ìtùnú sì wà nínú ti kádàrá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú àdúrà. Àkókò tó ń lọ ni ìbẹ̀rù mi. Bí ìdílé bá ti lo ọdún kan sí méjì lórí ẹsẹ̀ tí kò tètè le, ihò inú ọkàn ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Iṣẹ́ ihò náà nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí gbogbo ara á máa gba ihò náà padà sínú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú agbára. Ọmọ á máa mí gúlegúle bó bá ń mu ọmú, á máa làágùn lórí, kò ní sanra, òtútù àyà á máa dé lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á le, ètè ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí aró. Bó bá ti dé ibẹ̀, dídí ihò náà kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí iṣẹ́ abẹ lè pa á. Ihò tó bá tóbi yẹ kí wọ́n dí i kí ọmọ tó pé ọdún kan, àwọn mìíràn kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Orílẹ̀-èdè wa ti mọ iṣẹ́ abẹ inú ọkàn láti 1974, nígbà tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Enugu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti iye ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ń lé ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Índíà. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tètè dí i, ẹni tó ní Down syndrome ń gbé tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ní ìpíndọ́gba. Ní 1949, ọdún méjìlá péré ni. Kúrómósómù náà kò yí padà láàrin ìgbà méjèèjì. Ìtọ́jú ló yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí làákàyè rẹ̀ kò pé ní Ìlọrin ló ní kúrómósómù kẹta, ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú àpò kan á ṣìnà. Nǹkan bí ọmọkùnrin Yorùbá kan nínú márùn-ún ló jogún àìtó èròjà G6PD láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá wọ aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ pamọ́ sínú àpótí fún irú ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ara àti ojú rẹ̀ á pọ́n, ohun tó pọ́n náà á sì wọ inú ọpọlọ. Bí ọmọ náà bá yè é, ó lè di adití tàbí kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí. Èyí ṣeé dènà pátápátá: kí ẹnikẹ́ni má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, kí wọ́n sì gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú àwọn ìdílé tí àwọn ìbátan ti ń fẹ́ra, àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn lè wá láti ara jíìnì tí òbí méjèèjì jọ gbé láìmọ̀. Down syndrome kò sí lára ìwọ̀nyẹn.

Fragile X náà wà, àbùdá àjogúnbá mìíràn tó ń dín làákàyè kù, tó sì ṣọ̀wọ́n ju Down syndrome lọ. Ọdún 1991 ni wọ́n rí jíìnì tó ń fà á lórí kúrómósómù X. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta ló ń tún ara wọn kọ níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tó ìgbà 45, bó bá sì ti lé ní 200, jíìnì náà á dákẹ́. Ikọ̀ Ambroise Wonkam ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìdílé dé ìdílé ní ìgbèríko Cameroon, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dùn mí pé ẹ̀jẹ̀ àádọ́rùn-ún ọmọ Yorùbá láti Ìbàdàn wà lára ohun tí àgbáyé fi ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì ènìyàn nínú iṣẹ́ HapMap tó jáde ní 2005, síbẹ̀ ìyá tó wà ní Ìpàtà kò lè rí àyẹ̀wò kúrómósómù ọmọ rẹ̀ ṣe bó ṣe ń rí ti ibà.

Ìwádìí mìíràn tún ti fìdí ohun kan múlẹ̀ nípa àmì Down syndrome lára àwọn ọmọ wa. Ní 2017, ikọ̀ Paul Kruszka àti Maximilian Muenke ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, fi àwọn ọmọ tó ní Down syndrome láti ilẹ̀ oríṣiríṣi wéra. Díẹ̀ nínú àmì tí ìwé òyìnbó tẹnu mọ́, bí awọ tó pọ̀ lẹ́yìn ọrùn àti àlàfo ọmọ ẹsẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára ọmọ Áfíríkà. Oníṣègùn tó bá ń dúró de gbogbo àmì inú ìwé á pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, bí àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ ti pẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ àti ẹ̀tọ́, díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń yí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ìjọba Kwara ní ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe ní Ìlọrin. Rose Mordi dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní 2001, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ náà níbẹ̀. Láti 2012 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ṣe àjọ̀dún wọn ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta. Ní 2019, òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀ di òfin ní Nàìjíríà.

Ẹni tó bá bímọ ní Ìlọrin tí ara ọmọ náà rọ̀, tí ìgun ojú rẹ̀ ròkè, tí agbẹ̀bí bá ń fi ọgbọ́n yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó má dúró de ìgbà tí yóò rìn. Kó gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọn, láàrin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i. Kó béèrè nǹkan mẹ́ta: kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀, kí wọ́n yẹ tàírọ́ìdì rẹ̀ wò, kí wọ́n sì dán etí rẹ̀ wò bí ó bá ti dàgbà díẹ̀. Àyẹ̀wò kúrómósómù lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọkàn ni kò lè dúró.